Ìyá Tí Wọ́n Ní Ó Jókòó Sílé

Bí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá kan léèrè lónìí pé iṣẹ́ kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, tí ìyá náà kò bá ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní ọ́fíìsì, tí kò sì pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà, èsì kan ṣoṣo ni ẹ óò gbọ́: "Ó jókòó sílé ni." Èmi pàápàá ti fi ẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ wa ní kí oníkálukú dìde kí ó wí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Ọmọ nọ́ọ̀sì dìde, ọmọ aláṣọ dìde, ọmọ ẹni tí ń ta ẹja dídì dìde. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ìyá mi jókòó sílé. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. Èmi náà jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì mi.

Èdè ni mo wá kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yìí, ẹni tí ó bá sì ń kọ́ èdè, àrùn kan wà tí í máa ṣe é: kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó má tú u wò. Mo ti tú "jókòó sílé" yìí wò títí, n kò rí ìyá mi nínú rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ni ẹni tí ìdí rẹ̀ kan àga tàbí ẹní. N kò rántí ọjọ́ kan tí ìdí ìyá mi kan àga kí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, bí ó bá sì jókòó ọ̀hún, ẹ̀wà ni yóò máa ṣà tàbí bọ́tìnì ẹ̀wù iléèwé ni yóò máa rán. Mo tún tú "ìyàwó ilé" wò, èyí tí a fi ń pe obìnrin tí kò ṣe iṣẹ́ owó. Ṣùgbọ́n ní agbo ilé àwọn baba wa, ta ni à ń pè ní ìyàwó ilé? Àwọn obìnrin tí a gbé wọ inú ilé náà ni, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ oṣú tí a bí síbẹ̀. Nínú wọn ni aláró wà, nínú wọn ni alákàrà wà, nínú wọn ni ẹni tí ń hun kíjìpá wà àti ẹni tí ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní nǹkan tí ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ obìnrin ní iṣẹ́ dé ibi pé òrìṣà kan wà fún aró rírẹ, ìkòkò mímọ àti àwọn iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yòókù: Ìyá Mápó ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, ìyàwó ilé tí à ń wí lónìí, orúkọ àtijọ́ ni a fi sọ ohun tí kò sí nílé àtijọ́.

Ìyá tí ó bí ìyá mi mọ èyí ju ẹni tí ó kà á nínú ìwé lọ. Aládìrẹ ni ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ó kọ́kọ́ kọ́. Yóò fi láfún ro ẹ̀kọ, yóò ti ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, yóò máa fi ya ara aṣọ funfun. Bí ẹ̀kọ náà bá gbẹ tán, ó di inú ìkòkò aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Ibi tí kò sí ni yóò dúdú. Ọmọ mẹ́fà ni ó bí nídìí iṣẹ́ yìí. Mo bi í léèrè nígbà kan pé, "Màmá àgbà, ọdún mélòó ni ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́ àwọn ọmọ yín?" Ó wò mí bí ẹni pé mo ń fọ èdè tí kò gbọ́.

"Kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ báwo? Bí a bá ti kó ọmọ jáde lọ́jọ́ kẹjọ, tí ogójì ọjọ́ sì pé, ìdí aró ni ẹ ó ti bá mi. Ẹ̀yìn mi ni ọmọ ń sùn sí. Bí ọwọ́ mi bá dí, ìyálé mi á gbà á. Bí ọwọ́ ìyálé mi bá dí, àwọn ọmọdébìnrin ilé á gbà á pọ̀n. Nígbà mìíràn ilẹ̀ á ṣú kí n tó mọ ẹni tí ọmọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni yóò wá fi iṣẹ́ sílẹ̀?"

Ìjọba òyìnbó gan-an kò ṣe àṣìṣe pé obìnrin Ẹ̀gbá jókòó sílé. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn, ọmọbìnrin tí ó bá sì ti pé ọdún 15 ti di ẹni tí ń san án. Owó orí yìí wà lára ohun tí ó bí ìjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú rẹ̀, tí àwọn obìnrin fi rọ́ lọ sí ààfin ní 1947, tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fi ìlú sílẹ̀ ní 1948. Màmá àgbà máa ń sọ pé ìyá òun wà níbẹ̀, àti pé òun náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn ìyá òun, nínú ọ̀já. Bí ó bá ti di ti owó gbígbà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé obìnrin ń ṣiṣẹ́.

Ìyá mi kò kọ́ aró. Ìwé ni wọ́n fi í sí. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Òṣìẹ̀lẹ̀, ó kọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ó gba ìwé ẹ̀rí NCE, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní 1999. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, ní 2002. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní nǹkan bàbàrà. Yóò gbé mi sílẹ̀ ní Ìtòkú láàárọ̀, yóò wá gbé mi lọ́sàn-án. Wọ́n ní àárín àwọn ìkòkò aró ni mo ti kọ́ ìrákò, àti pé àtẹ́lẹwọ́ mi kì í funfun. Ṣùgbọ́n ní 2005 iṣẹ́ bàbá mi gbé wa lọ sí Èkó, sí yàrá méjì ní Ayọ̀bọ́, níbi tí a kò ti mọ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe onílé. Ìyá mi rí iṣẹ́ sí iléèwé aládàáni kan. Nígbà tí ó bí àbúrò mi obìnrin ní 2006, wọ́n ní kí ó lo oṣù kan láìgba owó, kí ó sì padà wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò wá ẹlòmíràn.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé kí aboyún gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní ìdajì owó oṣù rẹ̀, ó kéré tán, bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá sì padà dé, kí ó máa rí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú. Ìwé òfin dùn ún kà. Bóyá òfin yìí tilẹ̀ dé iléèwé bí irú èyí, ẹni tí ó ni iléèwé kò bèèrè, ìyá mi kò sì mọ̀ pé ó wà láyé. Èmi ni mo kà á sí i létí nígbà tí mo ti dàgbà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ààbọ̀ wákàtí! Láti iléèwé yẹn dé ilé wa, ọ̀kadà nìkan á jẹ ẹ́ tán, ọmú kò sì tíì jáde nínú ẹ̀wù." (Ní 2014 ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn obìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Inú mi dùn fún wọn. Ìyá mi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti di mẹ́rin nígbà náà.)

Ilé tí wọ́n ti ń gba ọmọ ọwọ́ tọ́jú ní àdúgbò náà ń gba owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù ìyá mi. Ó ṣírò rẹ̀, bàbá mi tún un ṣírò, iye kan náà ni. Kò sí ìyálé, kò sí ọmọdébìnrin ilé, Ìtòkú sì jìnnà. Ó ní òun yóò dúró di ìgbà tí ọmọ bá já lẹ́nu ọmú. Ọmọ já lẹ́nu ọmú, ó ní òun yóò dúró di ìgbà tí ó bá wọ iléèwé. Ní 2012 ó bí ìbejì, gbogbo àdúgbò wá jó, wọ́n ná an lówó, wọ́n sì gba orúkọ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì ni ó ń jẹ́. Bàbá mi ń pè é bẹ́ẹ̀, aláta ń pè é bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀.

N kò ní í fi àwọn ọdún tí ó wà láàárín dá yín dúró. Ní 2021, owó tí bàbá mi ń mú bọ̀ láti Ìkẹjà ti súnkì, wọ́n ti dín ọjọ́ iṣẹ́ wọn kù, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìyá mi ní òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi rò pé owó ni ó ń lé e jáde, gbogbo wa ni a rò bẹ́ẹ̀. Ó dìgbà tí ó ṣí àpótí rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọ̀ràn náà ti pẹ́. Ìwé ẹ̀rí NCE náà wà nísàlẹ̀ àpótí, nínú ọ̀rá mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú àwọn ìwé ọjọ́ ìbí wa. Ìwé ìkọ́ni tí ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní 2005 náà wà níbẹ̀, ìlà pupa rẹ̀ kò tíì ṣá.

Èmi ni mo bá a kọ fọ́ọ̀mù tí ó gbà wá láti iléèwé kan. Orúkọ kò ṣòro, ọjọ́ orí kò ṣòro. A dé ibi tí wọ́n ti bèèrè àwọn iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe, láti ìgbà wo dé ìgbà wo. Mo kọ 1999 sí 2005. Mo kọ 2005 sí 2006. Ìlà tí ó kàn dúró lófo, ó ń wò wá.

"Màmá mi, kí ni kí n kọ síbí?"

"Kọ ọ́ pé kò sí."

"Kò sí kí ni?"

"Kò sí iṣẹ́. Àbí kí n purọ́ fún wọn?"

Ọwọ́ mi kò gbé e. Ọdún 15 géérégé, tí yóò di 16 kí ọdún tí ń bọ̀ tó jìnnà, iye Odù tí ó jẹ́ àgbà, a ó wá fi ọ̀rọ̀ méjì gbá a dànù. Mo ní mo mọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan tí àwọn ènìyàn máa ń kọ síbẹ̀, tí yóò dà bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ni ó ń darí. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. "Àkànní, má fi Gẹ̀ẹ́sì bo nǹkan mi mọ́lẹ̀." Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Nil sí i, lẹ́tà mẹ́ta, pẹ̀lú ọwọ́ olùkọ́, ó gún régé.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá àgbà lórí fóònù, ó kọ́kọ́ ní kí n tún un wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ibi tí ó funfun lára àdìrẹ, ṣé aró ni kò tó ni? Ibẹ̀ gan-an ni a ti ṣe wàhálà jù." Ó pa fóònù. Kì í fẹ́ kí owó mi jó.

Fọ́ọ̀mù náà kò ṣiṣẹ́. Iléèwé yẹn ní àwọn kò gba ẹni tí ó bá ti ju ọdún 35 lọ, ìyá mi sì ti pé 46. Èkejì bèèrè ìwé TRCN. Òfin àwọn tí ń fi orúkọ olùkọ́ sílẹ̀ yìí ti wà láti 1993, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi ń kọ́ni kò sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí ìdánwò wà nínú rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo mú un lọ sí káfè kan ní òpópónà wa, mo san wákàtí méjì, mo sì ń kọ́ ẹni tí ó kọ́ mi ní a, b, d bí a ti ń di máòsì mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó tì wá ń bojú wò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi ní kí n dìde, kí n lọ dúró síta. Ó ṣe ìdánwò náà, ó yege.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí iléèwé kẹta gbà á, bàbá mi jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ìyá Ìbejì, n kò ní kí o má lọ o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ṣe ilé?"

Ìyá mi ń kó abọ́. "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin mélòó ni ẹ wà nílé?"

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Àwọn ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara wa, wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka, wọ́n ní a jẹ́ márùn-ún láìka ìyá wa.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní January 2022. ₦25,000 ni owó oṣù rẹ̀, nígbà tí òfin ti sọ láti 2019 pé owó oṣù tí ó kéré jù ní ilẹ̀ wa jẹ́ ₦30,000. Ó mọ̀. Ó ní òun ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ó gba ti oṣù àkọ́kọ́, ó fi ₦5,000 ránṣẹ́ sí Ìtòkú, ó ra bàtà kan fún ara rẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bí ó ti rí.

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà kò ní í gbàgbé February 14, 2022. Ní ọjọ́ náà ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, a kò sì padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ títí di October, oṣù mẹ́jọ gbáko. Mo di ẹrù mi, mo padà sí Ayọ̀bọ́. Bàbá mi wà ní Ìkẹjà, ìyá mi wà ní iléèwé, àbúrò mi obìnrin ń múra ìdánwò àṣejáde. Ó ku èmi àti ilé. Àwọn ará àdúgbò rí mi lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, wọ́n ní, "Ó mà ṣe o, gbogbo ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kàn jókòó sílé." Ọ̀rọ̀ náà ti wá kan èmi náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjókòó náà ti rí. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń jí, nítorí pé bí iná bá wá lóru, ìgbà náà ni omi yóò gun orí táǹkì, bí kò bá sì wá, kànga ni. Mo ń pọn omi, mo ń sè, mo ń jí ìbejì, mo ń wá ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan tí Táyé sọ pé ẹnì kan jí. Mo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Kẹ́hìndé kì í jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ Monday, pé Táyé kì í mu ògì tí kò bá tutù, pé ìyá aláta tí ó wà lápá òsì a máa fi kún un ṣùgbọ́n tí apá ọ̀tún a máa fi èyí tí ó ti rà sábẹ́. Kò sí ibi tí a kọ gbogbo èyí sí. Inú orí ẹnì kan ni ó wà fún ọdún 16, ó sì kó o lọ síbi iṣẹ́. Lóru ọjọ́ kan ara Táyé gbóná, mo sì dúró pẹ̀lú ìyá mi ní ilé ìwòsàn di aago mẹ́ta. Ó lọ sí iṣẹ́ ní aago méje, èmi sùn di ọ̀sán, ìrẹsì sì jóná. Ní ọjọ́ kan mo mú ìwé, mo ní kí n kó àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo ń ṣe jọ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa ti kọ́ wa: jí, gbá, pọn, dá, gbọ̀n, bó, gé, lọ̀, sè, rò, bù, fọ̀, wẹ̀, ta, ràn, ká, pè, bá wí, bẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán mo ti rí 61. Mo wá "jókòó" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ èyí tí ó dùn mí láti sọ. Ní oṣù kẹta ìyanṣẹ́lódì náà, ìyá mi wọlé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ láti máàkì, ó sì bèèrè ìdí tí a kò fi tíì fọ àwọn abọ́ àárọ̀. Ó rẹ̀ mí, inú sì ń bí mi sí ìjọba, sí ASUU, sí kànga. Mo ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ní ẹ fẹ́ iṣẹ́, èmi ni mo wá ń ṣe é." Kò dá mi lóhùn. Ó gbé àwọn ìwé náà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sókè, ó sì lọ fọ àwọn abọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, omi ti kún, oúnjẹ ti jinná, ó sì ti ń lọ aṣọ ìbejì. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, mo ní kí ó má bínú.

Ó ní, "Dìde. Ohun tí o sọ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí. Inú ni mo ti sọ ọ́, ìwọ sọ ọ́ síta ni."

N kò ní í sọ pé gbogbo nǹkan tò. Kẹ́hìndé tí í máa ń ṣe ipò kẹrin bọ́ sí ìkẹtàdínlógún ní sáà kejì. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi nínú yàrá lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń bi bàbá mi bí kí òun fi í sílẹ̀. N kò gbọ́ èsì bàbá mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ni ó ti ń wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ó ń pe Kẹ́hìndé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìṣirò. Ìṣirò tí bàbá mi mọ̀ kò ju ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó fún ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ní iléèwé ìyá mi, Yorùbá ni wọ́n ní kí ó máa kọ́. Ìdí tí wọ́n fi gbà á kò ju pé ọdún mẹ́ta ni wọn kò fi rí olùkọ́ Yorùbá tí ó dúró. Ní 2005, àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ gbọ́ Yorùbá láti ilé. Bí a ti ń kọ ọ́ ni ó kù. Ní 2022, àwọn ọmọ Adébáyọ̀ àti Ọlátúnjí jókòó níwájú rẹ̀, wọn kò mọ ohun tí "súnmọ́ mi" túmọ̀ sí. Iléèwé yìí kan náà ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ní ìta yàrá rẹ̀, èyí tí n kò lè lóye títí di òní. Ìwé ìkọ́ni aláwọ̀ pupa náà kò wúlò mọ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ fún wọn, àwọn àlọ́ Ìjàpá tí ó ti pa fún èmi, tí ó pa fún àbúrò mi, tí ó sì pa fún ìbejì nígbà tí kò bá sí iná. Ó mọ ibi tí ọmọ ti máa ń rẹ́rìn-ín, ó mọ ibi tí ojú ti máa ń kún, ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tún wí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó mọ́ ọmọ lẹ́nu. Kí sáà náà tó parí, wọ́n ń gbe orin. Ọ̀gá iléèwé náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ títí, ó sì bèèrè ibi tí ó ti kọ́ irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ní òun fèsì pé, "Níbi iṣẹ́ tí mo ti ń bọ̀ ni." Ọ̀gá náà mi orí. Ó dájú pé kò padà lọ wo fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ní October, wọ́n ní kí a padà. Ọkọ̀ mi yóò gbéra ní ọ̀sán, mo sì rántí lójú ọ̀nà pé kọ́kọ́rọ́ ilé wà lápò mi. Mo yà sí iléèwé ìyá mi. N kò dé ibẹ̀ rí. Bàbá kan tí ń ṣọ́ géètì yọ orí jáde, ó bi mí léèrè ẹni tí mo fẹ́ rí.

"Ìyá Ìbejì ni, sà."

"Kò sí Ìyá Ìbejì níbí."

"Olùkọ́ ni, sà."

"Olùkọ́ pọ̀. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé ọmọ kì í pe orúkọ ìyá rẹ̀, n kò sì ní í kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n mo dúró níwájú géètì náà pẹ̀lú báàgì lọ́rùn, oòrùn ń pa mí, mo ń wá orúkọ náà nínú orí mi bí ẹni tí ń wá nǹkan nísàlẹ̀ àpótí. Mo pè é. Ó ṣe àjèjì sí mi lẹ́nu.

"Háà, Àǹtí Yorùbá!" ni bàbá náà wí, ó sì ń ṣí géètì. "Kí ló dé tí o kò tètè sọ ọ́?"

Ó rán ọmọ kan lọ. Láti ibi tí mo dúró sí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kan, "Àlọ́ o!" ohùn bí ogójì sì dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, ó sì jáde wá. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí aró fún yíǹkì máákà. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó bèèrè bóyá mo ti jẹun, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ni òun ní. Mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti báàgì. Ó gbàdúrà fún mi wéréwéré, ó fi ọwọ́ aláró yẹn gbá mi léjìká, ó sì padà wọlé.

Mo ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin. Ó di ìgbà tí bàbá náà ní kí n kúrò lójú géètì, ọkọ̀ fẹ́ wọlé.